Tẹjúmádé Kágò Nílé Bàbá Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀ l'Ọ̀kà Àkókó, lójú ọ̀sán gangan, àwọn tó ṣojú wọn sì wà láyé. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, mi ò ní bá a jà.

Samuel, ọkọ Tẹjúmádé, wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn l'Ọ̀wọ̀. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n lè tà ni ilé tí bàbá Tẹjúmádé fi sílẹ̀ fún un l'Ọ̀kà. Àwọn tó ti wá wo ilé náà kò padà wá.

Kamaldeen tó ń bá wọn tà á ló pe Tẹjúmádé sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkàrẹ́.

"Ojú ọmọ onílé lẹ fi ń wò ó, àǹtí mi. Ẹ fi ojú ẹni tó fẹ́ rà á wò ó. Ẹ ṣe bí ẹni tí ò débẹ̀ rí, ẹ ó rí ohun tó ń lé wọn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Lọ́jọ́ tí Àlàájì Yínúsà, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì kan, fẹ́ wá wo ilé, Tẹjúmádé ti ṣáájú wọn débẹ̀. Kùrukùru ọyẹ́ bo orí òkè. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Ó gbálẹ̀, ó ṣí fèrèsé, ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn dé. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Ó gbìyànjú láti gbàgbé pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ òun ní ìrìn. Kò mọ ìgbà tó ṣe ohun tí gbogbo àlejò ń ṣe.

"Àgò onílé o."

Ó fẹ́ fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò kágò nílé yẹn rí. Ta ni ọmọ ilé ń kágò fún?

Ó gbọ́ ìró sálúbàtà nínú ilé. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Àgò yà o," ohùn obìnrin kan wí. "Ta lẹ̀ ń wá?"

Tẹjúmádé mọ ohùn náà, kò kàn rántí ẹni tó ni ín ni. Ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ti há a láti inú. Ẹ̀rù bà á, ó sì sáré lọ bá Màmá Elizabeth, aládùúgbò tó gbé e pọ̀n ní kékeré.

"Màmá, ẹnì kan wà nílé wa."

Màmá wò ó títí. "Ilé wo, ìyàwó?"

"Èmi ni, Tẹjú."

"Tẹjú wà nílé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí mi lójú fèrèsé ni."

Mọ́tò Àlàájì dé lákòókò yẹn. Kamaldeen sọ̀ kalẹ̀. Tẹjúmádé dì í lápá mú.

"Ẹ ǹ lẹ́, mà," ni Kamaldeen wí. "Ṣé ẹ̀yin náà wá wo ilé ni?"

Ó yọ apá rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó lọ kágò. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Láti ibi tí Tẹjúmádé dúró, òkùnkùn inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ló rí. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn náà dáadáa, ó sì mọ̀ ọ́n wàyí. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ni.

"Ẹ má bínú, Àlàájì. Ilé bàbá mi ni, mi ò tà á mọ́."

"Ọkọ yín tó wà l'Ọ̀wọ̀ ńkọ́, àǹtí?" ni Kamaldeen bi í.

"Ọkọ wo?"

Ilẹ̀kùn padé. Àlàájì pòṣé, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ.

Tẹjúmádé kígbe, ó lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, ó bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀wọ̀.

Samuel la ojú nígbà tó wọlé. Ó ti rù sí i. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ó wí. "Tẹ́ ẹ bá rí ìyàwó mi níta, ẹ bá mi sọ fún un pé mò ń retí rẹ̀."

Tẹjúmádé ní òun á sọ fún un. Ó fa àga, ó sì jókòó tì í.