Òǹtẹ̀ Ẹ̀yìn Fọ́tò

"Ta ló ya fọ́tò yìí?" Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀dé yí fọ́tò ọwọ́ rẹ̀ síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Mọ̀nsúrát, wá wò ó. Ta ló yà á?"

Mọ̀nsúrát fi wáyà kámẹ́rà sílẹ̀, ó sún mọ́ àbúrò ìyá rẹ̀. Ìyá àgbà aláṣọ funfun kan ló wà nínú fọ́tò náà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìjẹ̀gùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Mọ̀nsúrát mọ fọ́tò náà dáadáa. Odidi wákàtí kan ni Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀dé fi dúró nínú oòrùn kí màmá yẹn tó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ yà á."

"Ó dáa. Ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi."

Ha! Òǹtẹ̀ onífọ́tò kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ló wà lẹ́yìn fọ́tò náà, gàdàgbà. Oníbàárà kan ló mú un wá pé kí wọ́n bá òun sọ ọ́ di ńlá.

Ẹ má fojú kéré òǹtẹ̀ o. Lọ́dọ̀ àwọn onífọ́tò Ìkòtún, fọ́tò kan kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ dojú rẹ̀ délẹ̀, kí wọ́n lu orúkọ wọn mọ́ ọn lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń mọ ẹni tí wọn ó wá wá. Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀dé kì í ṣe oníbìínú, kò pariwo. Ó kàn jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ká ní ó tọrọ ẹ̀ ni, ǹ bá fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Kó ṣáà fi orúkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀. Àbí ìyẹn ti pọ̀ jù?"

Mọ̀nsúrát padà sídìí wáyà kámẹ́rà. Ojú ń tì í, nítorí ó mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, káàdì há sínú kámẹ́rà Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀dé, kò ṣeé yọ mọ́, fọ́tò oníbàárà sì kún inú rẹ̀. Mọ̀nsúrát, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó máa ń wá ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, ló wá orí íńtánẹ́ẹ̀tì kiri títí ó fi rí ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń fi wáyà kó fọ́tò inú kámẹ́rà sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kó tó rí gbogbo fọ́tò náà kó jáde. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà. Àwọn tó ṣe é wà káàkiri ayé, wọ́n sì ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè wo bí wọ́n ṣe ṣe é, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n má pa orúkọ àwọn tó ṣe é rẹ́. Orúkọ náà lé ní ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tó yá, ilé ìwé wọn ní Ìgándò ń wá ọmọ tí yóò ṣojú wọn níbi ìdíje ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni ẹ̀bùn rẹ̀. Mọ̀nsúrát kò ní kọ̀ǹpútà, ti ṣọ́ọ̀bù ló ń lò, ojú rẹ̀ sì wọ ẹ̀bùn yẹn gidigidi.

"Yọ orúkọ àwọn yẹn kúrò jàre, kó o fi tìẹ sí i," ni Qonitah ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ṣé wọ́n máa wọ ọkọ̀ òfúrufú wá bi ẹ́ ni?"

Mọ̀nsúrát ní òun ò ní ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku òun nìkan, ó ṣe é. Ó pa gbogbo orúkọ náà rẹ́, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Mọ̀nsúrát ló ṣe ètò yìí. Ilé ìwé pàtẹ́wọ́ fún un, ọ̀gá àgbà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ní òun ni yóò ṣojú àwọn.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e lọ sílé lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí, ó ń dá ara rẹ̀ lóhùn. "Tèmi yàtọ̀. Kì í ṣe fọ́tò." Ẹ ò rí àwáwí! Ó ní tí ìdíje bá ti parí, òun á dá orúkọ wọn padà.

Ọjọ́ ìdíje pé. Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀dé wá, ó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó gbé kámẹ́rà tó yá kọ́rùn láti ya Mọ̀nsúrát nígbà tó bá gba ẹ̀bùn. Mọ̀nsúrát so kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù mọ́ kọ̀ǹpútà, fọ́tò ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ni olórí àwọn adájọ́, Màmá Adéríbigbé, bá yọ kámẹ́rà tiwọn jáde nínú báàgì.

"So tèmi náà mọ́ ọn."

Ó so ó. Kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ kámẹ́rà náà rí.

"Kò burú," ni Màmá Adéríbigbé wí, ohùn wọn tutù. "Kámẹ́rà tuntun ni. Ìwọ lo ṣáà ṣe ètò yìí. Ṣí inú ẹ̀, kó o fi kámẹ́rà mi kún àwọn tó mọ̀. A máa dúró dè ẹ́."

Mọ̀nsúrát ṣí inú ètò náà, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ti dé ẹnu rẹ̀: á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, á ní wáyà ló bàjẹ́. Ó gbójú sókè, ó rí Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀dé tó ń rẹ́rìn-ín sí i láti ẹ̀yìn. Ó rántí òǹtẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́ ni mo ṣe é." Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. "Àwọn kan ló ṣe é, wọ́n fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo pa orúkọ wọn rẹ́, mo fi tèmi sí i. Ẹ má bínú."

Màmá Adéríbigbé yọ kámẹ́rà wọn kúrò lára wáyà. "Ọmọ mi, ta ló ní dandan ni kó o dá a ṣe? Ohun tó máa wúlò fún àdúgbò la ní kẹ́ ẹ mú wá. Ká ní o sọ fún wa pé o rí i, o kọ́ ọ, o sì fi yọ onífọ́tò kan nínú wàhálà, ìyẹn ti tó. Ní báyìí, a ò lè gbà á."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ìjákulẹ̀ lọ. Jésùtóbi, ọmọ ilé ìwé kan ládùúgbò Command, ló gbé kọ̀ǹpútà lọ.

Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀dé mú Mọ̀nsúrát padà sí Ìkòtún. Ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó.

"Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Ṣé orúkọ wọn ṣì wà níbì kan?"

"Ó wà, bọ̀ọ̀dá." Omijé ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Nu ojú ẹ. Lọ dá a padà."

Ó dá a padà lọ́jọ́ náà, ó ń ka orúkọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń lọ, àní èyí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Lẹ́yìn náà ó kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ètò náà. Ó jẹ́wọ́, ó tọrọ àforíjì, ó sì sọ kámẹ́rà tí ètò wọn kò mọ̀. Ọjọ́ kẹta, èsì dé. Wọn ò bá a wí. Wọ́n ní ṣé ó lè bá àwọn yẹ kámẹ́rà náà wò. Mọ̀nsúrát wá Màmá Adéríbigbé lọ, màmá sì yá a ní kámẹ́rà náà tayọ̀tayọ̀. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ nípa rẹ̀ ló ń kọ ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe ètò náà.

Oṣù kan kọjá, ẹ̀dà tuntun ètò náà jáde, ó ti mọ kámẹ́rà náà. Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀dé ló kọ́kọ́ ṣí i.

"Mọ̀nsúrát, wá wò ó. Ta nìyí?"

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn gbogbo orúkọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá padà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Mọ̀nsúrát, Ìkòtún.

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ o, bọ̀ọ̀dá!"

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mọ́ mi."

Mọ̀nsúrát ò tíì ní kọ̀ǹpútà títí di òní, ti ṣọ́ọ̀bù náà ló ṣì ń lò. Ṣùgbọ́n bí Qonitah bá bi í léèrè bó ṣe rí orúkọ rẹ̀ fi síbẹ̀, èsì kan náà ló máa ń fún un: ohun tí wọ́n bá fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, gbà á, lò ó, dúpẹ́, àmọ́ má ṣe gba orúkọ ẹni tó fún ẹ mọ́ ọn.