Ẹ̀wù Onílà Adétúndé

Ẹsẹ̀ irin máṣíìnì ìránṣọ náà nìkan ló kù nílẹ̀. Orí rẹ̀ ti dàwátì. Àǹtí Rosaline, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò Àpáta ní Jọ́ọ̀sì mọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú náà, ó bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ṣíṣí, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. Bàbá rẹ̀ tó ṣe akọ̀wé réluwéè nílùú náà ló ra máṣíìnì náà fún un kí ó tó kú.

Kí Ìsípẹ́kítọ̀ Dúrótoyè tó dé, àwọn aládùúgbò ti dá ẹjọ́ náà tán. Ẹ bá mi wo ayé. Ọlọ́pàá kò tíì béèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹni tí yóò ṣẹ̀wọ̀n ti wà nílẹ̀. Adétúndé ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Àǹtí Rosaline gbà síṣẹ́ nígbà tí ìjọba Gáná lé àwọn àjèjì, tí òun náà sì ti Kùmásí sá dé láìní ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ. Aṣọ náà gan-an ló kó bá a. Bàtàkárì ni, ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ onílà funfun àti dúdú tí wọ́n ń hun lókè Gáná, kò sì sí èkejì rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò. Ìyá àgbàlagbà kan ti rí ẹni tó wọ̀ ọ́, tó ń gbé ẹrù wúwo jáde lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Èkìtì ni Dúrótoyè, kì í sì í kánjú. Bí èèyàn bá ń pariwo sí i, ńṣe ni yóò bọ́ fìlà, tí yóò máa gbọn eruku ọyẹ́ ara rẹ̀ nù.

Gideon, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin Àǹtí Rosaline tó ti dolóògbé, ló kọ́kọ́ wá lóṣòó kí i. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, Háúsá sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ.

"Ọ̀gá, kí la tún ń wádìí?" ni Gideon wí. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Bàkó ni, àlejò tí a ò mọ orísun rẹ̀. Haba, ẹni tí wọ́n lé nílùú kan, ṣé wọ́n kàn lé e lásán ni?"

"Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì, sà. Mo wà láàárín àwọn akọrin."

"Òótọ́ ni," ni Àǹtí Rosaline wí. "Mo rí i nígbà tí a ń kọ orin àkọ́kọ́."

Dúrótoyè bọ́ sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti fi ọ̀já aṣọ di ọwọ́ Adétúndé, wọ́n fi í jókòó sínú eruku. Ìsípẹ́kítọ̀ tú u. Kí ó tó dìde, ọmọkùnrin náà ti nà gbalaja sílẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ń dúpẹ́. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, sà," ni Gideon wí. "Eruku ló fi ń wẹ̀. Kò sẹ́ni tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún."

"Níbo lo lọ láàárọ̀?" ni Dúrótoyè bi Adétúndé.

"Réluwéè, sà. Mo máa ń lọ pàdé ọkọ̀ tó bá ti Kafanchan bọ̀. Olúrẹ̀mí, àbúrò mi obìnrin, ni mò ń wá. Ọjọ́ tí wọ́n lé wa, èrò pọ̀ lẹ́nubodè, ọwọ́ rẹ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹnì kan ní Ìlọrin ló sọ pé òun rí i tó ń wọ ọkọ̀ Òkè Ọya."

"Ta ló rí ọ níbẹ̀?"

"Èrò ni gbogbo wa, sà. Ta ló ń wo ojú ta ni?"

"Kí ló gbé bàbá rẹ dé Gáná?"

"Ilẹ̀ ni, sà. Ọmọ pọ̀ nílé wọn, oko kò tó pín. Ó lọ ṣòwò ní Kùmásí, ibẹ̀ ni wọ́n bí wa sí. Ìjọba wá ní àjèjì ni wá, ká máa lọ sílé. A délé, wọ́n ń pè wá ní ará Gáná. Mo dé ibí, mo di bàkó. Wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Èmi ò tíì rí ilé tí mo máa bọ̀ sí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Dúrótoyè wọnú eegun. Ó kọjú sí bàtàkárì tó wà lórí okùn. Adétúndé ní òun fọ̀ ọ́ láàárọ̀, òun sì yí inú rẹ̀ síta kí oòrùn má baà ṣá a. Bí ó ti wà lórí okùn yìí, ojú rẹ̀ ló wà níta, òróró máṣíìnì sì kùn ún léjìká.

Àǹtí Rosaline fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀gá, mi ò fẹ́ gbà pé òun ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà Yorùbá àdúgbò yìí ti ní bí ẹ kò bá tì í mọ́lé, kí ó di ẹrù rẹ̀ lọ́la. Ta ló wá kù fún mi? Gideon kì í sùn nílé mọ́. Ọ̀dọ̀ Ṣàíbù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Angwan Rogo ló ń sùn, Èkó, Èkó ló wà lẹ́nu rẹ̀."

Ó ku ẹni tó fojú rí i. Ìyá Akínyẹmí ni, ìyá tíṣà tó ń gbé ilé kejì. Kò tíì pẹ́ tí ó ti Èkìtì dé láti wá bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun. Dúrótoyè dọ̀bálẹ̀ tòun ti yúnífọ́ọ̀mù.

"Ẹ kú ọwọ́ lómi, Ìyá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Ilé ni wọ́n ti kọ́ ìwọ. Ẹni tó gbẹ́rù yẹn, èmi rò pé inú ló ń run ún. Ó bá mi níbi kọ́nà, ó gbé ẹrù kalẹ̀, ó wá lóṣòó síwájú mi, ó na ìkúùkù sókè. Mo ní kí ló ń wá nílẹ̀?"

"Ó kọ́kọ́ gbé ẹrù kalẹ̀?"

"Ó gbé e kalẹ̀ tán pátá. Ojú mi ò ríran jìnnà mọ́, ìlà ẹ̀wù yẹn ni mo rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó dọ̀bálẹ̀, mo mọ ẹni tí kò dọ̀bálẹ̀."

Inú Dúrótoyè dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín. Ó pe Kọ́pùrù Lááwàlì tó bá a wá, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i létí, kọ́pùrù sì gun kẹ̀kẹ́ lọ.

Nígbà tí Lááwàlì padà, gbogbo èrò ṣì dúró lẹ́yìnkùlé. "Ranka ya dade, ẹ̀mí yín á gùn, ọ̀gá," ni ó wí, ó sì gbé orí máṣíìnì lé ilẹ̀. "Abẹ́ ibùsùn ni mo ti bá a, nínú àpò ìrìn-àjò."

"Ibùsùn ta ni?" ni Àǹtí Rosaline béèrè.

"Ti Gideon, nílé Ṣàíbù."

Gbogbo ojú yí sí Gideon. Ó ní wọ́n gbé e síbẹ̀ láti ba òun jẹ́ ni, òun wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Orin àkọ́kọ́ ni àǹtí rẹ rí ọ," ni Dúrótoyè wí. "Ìwàásù a máa gùn, ilé ò sì jìnnà. O mọ̀ pé ẹ̀wù yẹn wà lórí okùn. Olè tó ni ẹ̀wù kò ní dá a padà síbi tó sá a sí. Ìwọ dá a padà kí a lè bá a níbẹ̀, o kàn gbàgbé bí o ṣe bá a. Ṣùgbọ́n Ìyá Akínyẹmí ló mú ọ. O bá àgbà pàdé, o gbé ẹrù kalẹ̀, o sì kí i bí wọ́n ti kọ́ ọ ní Jọ́ọ̀sì. Kò sí èébú nínú rẹ̀, bí àwọn tí a bá níbí ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nìyẹn. Àmọ́ Adétúndé kò lè ṣe é. Àwọn òbí rẹ̀ wà lájò, ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ọmọ wọn má sọnù sájò, wọ́n tẹ ìdọ̀bálẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní àjèjì, ẹ ti fi èyí tó dì mú ṣe yẹ̀yẹ́."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Gideon lóṣòó. "Máṣíìnì bàbá bàbá mi ni. Ẹni tó dé lánàá ni Àǹtí fi sídìí rẹ̀, èmi ń rán bọ́tìnì. Èkó ni mo fẹ́ gbé e lọ, kí èmi náà lọ bẹ̀rẹ̀ ayé mi."

"Tí o bá dé Èkó," ni Dúrótoyè béèrè, "kí ni wọn yóò máa pè ọ́?"

Gideon dìde nílẹ̀. Lááwàlì mú un lọ́wọ́, wọ́n jáde.

Àwọn àgbà tó ní kí Adétúndé di ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Akínyẹmí kò jẹ́ kí wọ́n lọ bẹ́ẹ̀. Ó pè wọ́n padà, ó ní kí wọ́n bẹ ọmọkùnrin náà, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Àǹtí Rosaline fúnra rẹ̀ ló gbé orí máṣíìnì padà sórí ẹsẹ̀ irin, ó sì gbé àga Adétúndé sídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í bóyá ọkọ̀ ojú irin kan ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ó ku ti ìrọ̀lẹ́, mà."

"Wọ ẹ̀wù rẹ, ká lọ."

Ọkọ̀ ọlọ́pàá ló gbé wọn lọ. Iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dúrótoyè, ni Adétúndé jókòó sí nínú bàtàkárì rẹ̀, Àǹtí Rosaline wà lẹ́yìn, àwọn tó ti ń retí láti rí i nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sì dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń juwọ́. Nígbà tí wọ́n dé réluwéè, aṣọ́nà wo ẹ̀wù onílà náà sókè sódò, ó ní kí ọmọkùnrin náà dúró, ará ibo ni.

Adétúndé wẹ̀yìn wo Àǹtí Rosaline, ó sì tún kọjú sí aṣọ́nà.

"Ará Àpáta ni mí," ni ó wí. "Àbúrò mi ni mo wá mú lọ sílé."