Mẹ́gáàdì Tí Mo Lé Lọ

"Fọláyẹmí, jọ̀ọ́, wá bá mi lé nǹkan yìí kúrò lójú mi."

Ìgbà karùn-ún nìyẹn láàárín wákàtí kan. Mo ju ìwé kẹ́mísírì mi sórí àga, mo lọ bá Daddy nídìí kọ̀ǹpútà. Àpótí funfun kan ló tún yọ sí àárín ojú ẹ̀rọ náà, tó bo iṣẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Ohun tó kọ síbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tó ti ń kọ láti oṣù mẹ́ta: pé ọ̀fẹ́ ni áńtífáírọ́ọ̀sì tí à ń lò, pé ààbò rẹ̀ kò kún, pé kí a tètè wá sanwó fún èyí tó péye. Mo tẹ igun rẹ̀, ó lọ. Kí n tó padà dé ìdí ìwé mi, ó ti tún yọ.

Mo kórìíra àpótí yẹn débi pé mo máa ń bú u bí ẹni ń bá èèyàn jà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára tó bẹ́ẹ̀. Tíṣà ni Daddy mi ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòsì níbí, àwọn náà sì ni ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n ti ń kọ orin sílẹ̀. Orin mẹ́rìnlélógún ni, gbogbo rẹ̀ ní sọ́lífà ohùn mẹ́rin: tírébù, áàtò, tẹ́nọ̀ àti béèsì. Ìka méjì péré ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bí àmì kan ṣoṣo bá ṣì, béèsì á gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ nígbà tí tírébù ń lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ti gbà láti tẹ àwọn orin náà jáde ní ìwé fún ayẹyẹ ogójì ọdún ẹgbẹ́ akọrin, atẹ̀wé sì ti ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ wá ní ọjọ́ Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo rẹ̀ wà.

Mummy gbọ́ ariwo wa láti kíṣìnì. "Daddy Fọláyẹmí, mo ti sọ fún yín. Mẹ́gáàdì téèyàn ò sanwó fún, ṣé ìyẹn lè ṣọ́ gate? Ẹ ra èyí tí wọ́n ń tà, ká sinmi."

Daddy pe Ọ̀gá Rahmon, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kétu. Àwọn ló fi áńtífáírọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ náà sí i fún wa. Daddy fi fóònù sí speaker kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Free yẹn ò burú, sir," ni Ọ̀gá Rahmon wí. "Ó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa, ìpolówó ẹ̀ ló kàn ń dà yín láàmú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó kí ariwo yẹn lè dín kù, kò sí problem. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kẹ́ ẹ máa fi copy àwọn orin yẹn pamọ́ síbòmíì."

"Mo ti ra flash," ni Daddy dáhùn.

Lóòótọ́ ni wọ́n rà á. Ṣùgbọ́n ara kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n máa ń fi í sí tọ̀sán-tòru, kí ó má baà sọ nù.

"Ó dáa," Daddy wá sọ fún wa, "ẹ jẹ́ ká fara dà á di ìparí oṣù. Tí wọ́n bá ti san owó oṣù, a máa ra èyí tó péye. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ìparí oṣù kẹ̀. Àwọn ni kò mọ ohun tí ojú mi ń rí. Èmi ni wọ́n ń pè, ìwé tèmi ló ń dúró, ìdánwò SS2 sì ti dé tán. Lọ́jọ́ kejì ní kíláàsì, mo ro ẹjọ́ náà fún Jayé. Gbogbo wa gbà pé Jayé ló mọ kọ̀ǹpútà jù, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ tún ń dúró dè? Mo ní crack ẹ̀. Full version, ọdún márùn-ún, ẹ ò ní san shishi. Màá fi link ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ."

"Ṣé kò ní ní wàhálà?"

"Ṣé èmi ni màá fún ẹ ní nǹkan tó ní wàhálà? Gbogbo street wa ló ń lò ó."

N kò ní purọ́ fún yín, mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní crack. Mo mọ̀ pé ọjà ọlọ́jà ni, tí àwọn kan já àgádágodo rẹ̀ tí wọ́n wá ń pín in kiri. Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ti ń gbọ́ bí Daddy ṣe máa yìn mí.

Lọ́sàn-án Sátidé, Daddy lọ sí ìpàdé àwọn ọ̀gá akọrin ní Ògùdù, Mummy wà ní ṣọ́ọ̀bù. Iná wà. Mo ṣí link tí Jayé fi ránṣẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àpótí tí mo kórìíra yẹn tún yọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe funfun lọ́jọ́ náà. Pupa ni. Kò sọ̀rọ̀ owó rárá. Ó ní ewu wà nínú ohun tí mo fẹ́ gbé wọlé, kí n má ṣí i.

Mo pe Jayé lórí fóònù.

"Ó ń jowú ni jàre," ni Jayé wí. "Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé kò ní pariwo ni? Off am. Ṣebí o rí i nínú instruction náà, wọ́n ní kó o kọ́kọ́ pa èyí tó wà ńbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ ara mi pa á, mo sì gbé ti Jayé wọlé. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Èmi ni mo la ògiri ilé wa lẹ́nu, tẹ̀rín-tẹ̀rín sì ni mo fi là á.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àmì aláwọ̀ ewé kan fi yọ, ó ní ààbò ti péye. Kẹ́kẹ́ wá pa mọ́ àpótí funfun lẹ́nu. Nígbà tí Daddy dé lálẹ́, wọ́n tẹ orin kan láti òkè dé ilẹ̀ láìpe orúkọ mi.

"Fọláyẹmí, kí lo ṣe fún un?"

"Mo tún un ṣe ni, sir."

"Mummy Fọláyẹmí, wá wo ọmọ ẹ o. Ọmọ tó ń kàwé yàtọ̀."

Inú mi dùn débi pé mo fọ abọ́ tí kò kàn mí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo bá Daddy lórí ìdúró níwájú kọ̀ǹpútà. Mo kí wọn. Mo wo ojú ẹ̀rọ. Orúkọ àwọn orin ṣì wà níbẹ̀, Ìyìn Òwúrọ̀, Ilé Ayọ̀, Ọwọ́ Rẹ Ni Mo Dì Mú, ṣùgbọ́n ìrù lẹ́tà játijàti kan ti hù sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì sí èyí tó ṣeé ṣí. Mo rí orúkọ èmi náà láàárín wọn, Fọláyẹmí. Mo rò pé iṣẹ́ àmúrelé mi kan ni. Lẹ́tà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó sọ pé àwọn kan ti ti gbogbo fáìlì wa pa, dọ́là ni a ó sì san kí wọ́n tó ṣí i. A wo inú flash tó wà lára ẹ̀rọ náà. Bákan náà ni.

Daddy pe Ọ̀gá Rahmon. Wọ́n wà ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń sin òkú, wọn kò ní dé títí di Ọjọ́bọ̀.

"Ẹ pa á, ẹ má fọwọ́ kàn án, sir. Ẹ má sì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó jalè, kí ló fẹ́ kó mú ìlérí ṣẹ?"

Daddy gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n jókòó. "Ahun mi ló pa mí," ni wọ́n wí. "Ṣebí ìyá ẹ sọ fún mi pé kí n sanwó."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. N kò sọ ọ́. Mo wọ yàrá lọ, mo pe Jayé. Ó ní tòun kò ṣe nǹkan kan, pé bóyá èmi ni mo tẹ ohun tí kò yẹ, ó sì pa fóònù. Mo bínú sí Jayé, mo bínú sí atẹ̀wé, mo bínú sí ẹni tó kú ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí mo bínú sí gbogbo èèyàn tán, ó ku èmi nìkan.

Ọjọ́rú ni a máa ń kọ́ orin. Tírébù ni èmi náà. Daddy dúró níwájú wa, wọn kò mú ìwé kankan lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú sí mi," ni wọ́n wí. "Ìwé orin wa ò ní jáde mọ́. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà, nǹkan ọ̀fẹ́ ni mo fi ṣọ́ ọ."

Ohùn wọn gbọ̀n. Láti kékeré mi, Daddy ló ń fún gbogbo wa ní ohùn, n kò gbọ́ kí tiwọn gbọ̀n rí. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Daddy, kì í ṣe ọ̀fẹ́ yẹn. Èmi ni. Ó kìlọ̀ fún mi, mo pa á. Èyí tí wọ́n jí ni mo fi rọ́pò ẹ̀."

Daddy wò mí títí.

"Ọjọ́ wo?"

"Sátidé, sir."

"Ọjọ́ tí mo yìn ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sir."

"Jókòó."

Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n gbá mi létí.

Aunty Judith ló fọhùn, àwọn ni olórí áàtò. "Ọ̀gá, ìwé ọwọ́ wa ńkọ́?"

Nínú ẹgbẹ́ wa, kò sẹ́ni tó ní odidi orin kan lọ́wọ́. Ìlà tìrẹ nìkan ni Daddy máa ń fún ọ. Wọ́n ní bí áàtò bá rí ìlà tírébù, á fi tirẹ̀ sílẹ̀, á máa tẹ̀ lé e. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kùn sí i.

"Áàtò tèmi wà nílé," ni Aunty Judith wí. "Kí tírébù mú tiwọn wá, kí tẹ́nọ̀ àti béèsì mú tiwọn. Àbí kí la fẹ́ máa sunkún sí?"

Lọ́jọ́bọ̀, Ọ̀gá Rahmon dé, wọ́n ní kò sí bí àwọn ṣe lè ṣí àwọn fáìlì náà mọ́, wọ́n nu inú kọ̀ǹpútà náà mọ́ tónítóní, wọ́n dá áńtífáírọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ padà síbẹ̀. "Free tó ń pariwo yìí ò ṣẹ̀ yín," ni wọ́n wí. "Ó ṣiṣẹ́ ẹ̀, ẹ̀yin lẹ lé e lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà dáa, free náà dáa. Èyí tí wọ́n jí ni ò dáa." Wọ́n wá yọ flash lára ẹ̀rọ, wọ́n fi lé Daddy lọ́wọ́. "Sir, flash tí kì í kúrò lára kọ̀ǹpútà, kò yàtọ̀ sí spare key tẹ́ ẹ fi sára padlock."

Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, bí mo bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́, ìwé ni mò ń gbà kiri, láti Ìkòsì dé Ògùdù. Uncle Kọ́ládé, tí wọ́n ń bá wa kọrin tẹ́lẹ̀, nìkan ló ní béèsì àwọn orin àtijọ́, wọ́n sì ti kó lọ sí Ìṣẹrí Olówóra. Inú Bíbélì wọn ni a ti bá a. Ọmọ Aunty Judith ti ya ajá sórí ìwé áàtò kan, láàárín ẹsẹ̀ ajá ni mo ti ka sọ́lífà rẹ̀. Lálẹ́, Daddy á máa kọ ọ́ lórin, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Kẹ́mísírì tí mo ní àpótí funfun kò jẹ́ kí n kà, n kò tún ráyè kà á mọ́ rárá, èsì ìdánwò mi sì fi í hàn.

Ní ọjọ́ kan, àpótí funfun náà yọ sí àárín orin. Daddy wò ó.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," ni wọ́n sọ fún un. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n tẹ igun rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ kan kí a kó iṣẹ́ fún atẹ̀wé, mo ka àwọn orin náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Daddy, mẹ́tàlélógún ni mo kà. Èwo ló kù?"

"Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì pín in."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí. "Daddy, fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ mi yẹn..."

"Orin ni. Ọjọ́ tó o bá jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ fún ẹ."

Wọ́n kọ ìlà àkọ́kọ́. Ó dùn. Wọ́n dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún dúró síbi kan náà, wọ́n mi orí.

"Ibi tó yà sí lẹ́yìn ibí yìí, mi ò rántí mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ, sir."

"Tí mo bá tún un kọ, òmíràn nìyẹn máa jẹ́, Fọláyẹmí. Tàkọ́kọ́ ti lọ."

Ìwé orin náà jáde. Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, orin kẹrìnlélógún wà níbẹ̀, orúkọ mi wà níbẹ̀, ìlà sọ́lífà kan ṣoṣo sì wà lábẹ́ rẹ̀. Tírébù nìkan ni. Atẹ̀wé pe Daddy pé ó jọ pé nǹkan sọ nù. Daddy ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń bi mí báyìí pé èwo ló dára, èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni tàbí èyí tí wọ́n ń tà. Mo máa ń sọ fún wọn pé èyí tí agbára ilé wọn bá ká ni kí wọ́n gbà, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, bó bá sì kìlọ̀ fún wọn, kí wọ́n gbọ́. Ohun tí o kò lè sanwó fún, dúró, má jí i. Ẹni tó bá ọ jí i á pa fóònù mọ́ ọ létí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ.

Bí wọ́n bá ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo máa ń ṣí ìwé náà sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn, mo sì máa ń kọ ìlà kan yẹn fún wọn. Bí mo bá dé ìparí rẹ̀, wọ́n á máa wò mí, wọ́n ń retí èyí tó kù.