Ọ̀pá Irin Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó máa ń fi jíìpù kó símẹ́ńtì lọ sí abúlé kan lórí òkè. Ọ̀nà ni wọ́n ń pe ibi tó ń gbà, ṣùgbọ́n ọ̀gbàrá ti gbá gbogbo iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ, àpáta nìkan ló kù. Òmíràn ga bí àtẹ̀gùn ilé, òmíràn tó orúnkún àgbàlagbà. Ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń tì kò lè débẹ̀, àfi èyí tí ẹ́ńjìnnì ń fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lágbára.

Adánìkànrìn ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn yòókù máa ń lọ ní méjì-méjì, kí ọ̀kan lè fa èkejì bí nǹkan bá bàjẹ́. Òun kì í bá ẹnikẹ́ni lọ. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní, "Ẹni tó bá fà mí jáde lónìí, á máa rán mi létí títí ayé. Ẹ jẹ́ kí n dá wàhálà mi ṣe."

Yàrá kan ló ń gbé, lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó símẹ́ńtì sí. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, ife kan. Kò sí ẹni tó ń wá mu omi níbẹ̀, nítorí náà ife kan ṣoṣo tó o. Ìgò ọtí ló pọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti fọ ẹrẹ̀ ara jíìpù rẹ̀ tán, á jókòó sórí àga yẹn, á máa mu títí oorun yóò fi gbé e lọ tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀.

Kì í ṣe pé kò ní ẹbí. Ìyá rẹ̀ ń bẹ ní ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè. Ìyá yìí wá kí i nígbà kan, ó rí àwọn ìgò, ó sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ọmọ mi, ṣé ìdí ọtí lo fẹ́ kú sí ni? Àbí kí n wá máa sùn síbí, kí n máa ṣọ́ ọ?"

"Màmá, mi ò ránṣẹ́ pè yín. Ẹ máa lọ. Ẹ má sì padà wá mọ́."

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wò ó láti ojú fèrèsé, bó ṣe ń lọ, tó ń dúró, tó ń gbé báàgì náà láti ọwọ́ kan sí èkejì. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun sáré tẹ̀ lé e. Kò sáré. Láti ìgbà náà, bí àbúrò rẹ̀ obìnrin bá pè é lórí fóònù, ńṣe ni yóò máa wo orúkọ náà títí fóònù yóò fi dákẹ́.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀. Awakọ̀ ilé ìwòsàn kékeré tó wà lórí òkè náà ni. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì kan náà ni àwọn méjèèjì ti kọ́ṣẹ́, irú jíìpù kan náà ni wọ́n sì ń wà. Ọkùnrin yìí ti gba Jésù gbọ́, kì í sì í fi í pa mọ́. Adánìkànrìn sọ ọ́ ní Pásítọ̀ Onítáyà, kó lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Adánìkànrìn ti já símẹ́ńtì sílẹ̀ lórí òkè, ó ń múra àtisọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá kí i lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì gbóòórùn ọtí.

"Ti àná nìyí, àbí ti àárọ̀ yìí?"

"Pásítọ̀ Onítáyà! Ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣé kí n lọ gbé igbá ọrẹ wá?"

"Òjò rọ̀ lánàá, àpáta yẹn á máa yọ̀. Dúró dè mí, kí n tẹ̀ lé ọ. Tá a bá dé ibi tóóró yẹn, màá bọ́ sílẹ̀, màá fọwọ́ júwe fún ọ. Ẹni tó jókòó sídìí sitiárí kò lè rí abẹ́ ọkọ̀ ara rẹ̀."

"Afọ́jú ni kó o lọ júwe fún."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn èèyàn rí, ọ̀rẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó lè rí abẹ́ tirẹ̀. Jésù ló..."

"Jésù rẹ mọ jíà ọkọ̀ ni?" Ó ti ilẹ̀kùn gbàà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àpáta ní bí wọ́n ṣe ń gùn ún, ó sì dára kí ìwọ tó ń ka ìwé yìí mọ̀ ọ́n. Bí òkúta ńlá bá wà láàárín ọ̀nà, ẹni tí kò mọṣẹ́ á fẹ́ kí òkúta náà gba àárín táyà méjèèjì kọjá. Àṣìṣe gbáà ni, torí ibẹ̀ gan-an ni ikùn ọkọ̀ ti rẹlẹ̀ jù. Ńṣe ni èèyàn máa gbé táyà gun orí òkúta náà pẹ̀lú jíà tó lọ́ra jù lọ, díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ọmọdé ń kọ́ ìrìn, kí táyà lè gbé gbogbo ọkọ̀ sókè. Ojú èèyàn á máa sọ pé ọkọ̀ á ṣubú. Kò ní ṣubú.

Adánìkànrìn mọ èyí lámọ̀dunjú. Ṣùgbọ́n inú ń bí i, ọtí sì wà lójú rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tóóró náà, tí ògiri àpáta wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ọ̀gbun wà lọ́wọ́ òsì, ó rí òkúta kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ yí wá sí àárín ọ̀nà. Ó yẹ kó bọ́ sílẹ̀ wò ó. Kò bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí òkúta gba àárín kọjá.

Ìró tó gbọ́ kò pariwo. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Sitiárí rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tẹ bíréèkì, ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀pá irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n jọ máa wo ibì kan náà, ti ká kò, ó sì ti já. Táyà ọ̀tún ń wo ògiri. Táyà òsì ń wo ọ̀gbun.

Ó ní òun á tún un ṣe. Ó fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ó yọ ọ̀pá náà, ó fi òòlù nà án lórí àpáta títí ó fi tọ́. Ó gbé sípánà gígùn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tó ti já, ó fi wáyà wé méjèèjì pọ̀ gírígírí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára láti wò. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe gbéra báyìí, wáyà já, sípánà sì bọ́ sínú ọ̀gbun. Ó ń gbọ́ bó ṣe ń lu òkúta lọ nísàlẹ̀, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ó na ọwọ́ sí ìgò tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó ti tán.

Fóònù kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀, orí òkè lókè lọ́hùn-ún nìkan ló ti máa ń mú. Ó jókòó sórí àpáta. Ẹ́ńjìnnì tó ń tutù ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, nígbà tó yá òun náà dákẹ́. Ó wá ń rò ó: ta ni yóò béèrè òun? Onísímẹ́ńtì á wá awakọ̀ míì. Ilẹ̀kùn yàrá òun á wà ní títì, ẹni tó bá ń kọjá á rò pé òun rìnrìn àjò ni. Kò sí ẹnì kan lábẹ́ ọ̀run tó ń wojú ọ̀nà fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló sì lé wọn dà nù, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó kígbe. Ohùn ara rẹ̀ ni ògiri àpáta dá padà fún un.

Ó ti pẹ́ gan-an tó ti wà báyìí kó tó gbọ́ ìró ọkọ̀ lókè. Pásítọ̀ Onítáyà ni. Ó dá ọkọ̀ dúró lẹ́yìn tirẹ̀, ó fi òkúta di táyà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àbúrò rẹ pè mí. Ó ní o kì í gbé fóònù òun. Màmá wà ní ọsibítù ìlú, ọ̀rẹ́ mi. Ọkàn rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ti ní kí ẹbí sún mọ́ tòsí. Orúkọ rẹ ló ń pè."

Adánìkànrìn nawọ́ sí ọkọ̀ rẹ̀. "Mi ò lè débẹ̀. Wo ọkọ̀. Tìrẹ náà ò sì lè gba ẹ̀gbẹ́ tèmi kọjá."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ba, ó wo abẹ́ ọkọ̀ náà fínnífínní. Ó padà sídìí ọkọ̀ tirẹ̀, ó gbé jáàkì sábẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Irú ọkọ̀ kan náà ni. Irú ọ̀pá kan náà ni."

"Tìrẹ wá ńkọ́?"

"Tèmi á dúró síbí."

"Wọ́n á tú u palẹ̀! O mọ̀ pé àwọn olè kì í fi ọkọ̀ tí kò sí ẹni nídìí rẹ̀ sílẹ̀ lórí òkè yìí. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn tún ni."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí màá fi dúró tì í."

"Rárá o! Mi ò fẹ́ oore ẹnikẹ́ni lọ́rùn mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ san èyí?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ orí jáde lábẹ́ ọkọ̀, gíríìsì wà ní imú rẹ̀. "Ta ló ní kó o san án? Wàhálà rẹ nìyẹn látijọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́. Tó bá wù ọ́, jókòó síbí, ìwọ àti ìgbéraga rẹ, kẹ́ ẹ jọ máa tàkúrọ̀sọ. Màmá ò lè dúró de ẹ̀yin méjèèjì. Na sípánà yẹn sí mi."

Ó na sípánà sí i.

Wọ́n de ọ̀pá tó yè kooro náà mọ́ abẹ́ ọkọ̀ Adánìkànrìn. Wọ́n fi okùn wọn iwájú àwọn táyà, wọ́n wọn ẹ̀yìn wọn, wọ́n ń yí ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì fi dọ́gba, tí táyà sì ń wo ọ̀kánkán. Lẹ́yìn náà ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ dúró níwájú, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Máa bọ̀. Gbé táyà òsì gun òkúta yẹn."

"Ọ̀gbun ló wà níbẹ̀!"

"Má wo ọ̀gbun. Ọwọ́ mi ni kó o máa wò. Máa bọ̀, díẹ̀ sí ọ̀tún. Díẹ̀ ni mo wí, ìwọ ọkùnrin yìí! Ó dáa. Máa bọ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀ tí yóò wa ọkọ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ní kó wà á. Òógùn bò ó. Táyà gun òkúta, gbogbo ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà kejì wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ohun tó fara kan ikùn rẹ̀.

Nínú dígí ẹ̀yìn, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kéré sí i, òun nìkan láàárín àpáta, nídìí ọkọ̀ tí kò lè lọ síwájú, tí kò lè padà sẹ́yìn. Ní gbogbo ìgbà tí sitiárí bá dá a lóhùn, ó ń rántí pé ohun tó ń darí òun kì í ṣe tòun.

Ó dé ọsibítù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá rẹ̀ ti di ojú. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Màmá, èmi ni. Mo lé yín jáde nílé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Ìka kan mì díẹ̀. Bóyá ó gbọ́, bóyá oorun ni. Kò mọ̀, kò sì ní mọ̀ láyé yìí. Bí ojúmọ́ ṣe ń mọ́ ni ìyá náà dákẹ́.

Ó fi orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ì bá ṣe pé mo tètè wá, á ti dárí jì mí."

Àbúrò rẹ̀ nu ojú ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ tí màmá ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀ ni wọ́n ti dárí jì yín. Ẹ̀yin lẹ ò wá gbà á."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju ikú lọ. Àánú ti wà nílẹ̀ fún un láti ọjọ́ yìí wá, ó sì ń mu ọtí nínú yàrá bí ẹni tí kò ní alárànṣe.

Lọ́jọ́ náà gan-an, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ètò òkú, ó lọ ra ọ̀pá irin tuntun, ó sì gun òkè padà. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tó fi í sí. Aṣọ rẹ̀ tutù rin, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lórí ọgbẹ́ kan níwájú orí rẹ̀.

"Wọ́n wá?"

"Wọ́n wá. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ọkọ̀ aláìsàn, wọ́n sọ òkò. Wọn ò rí nǹkan kan mú lọ ṣá. Màmá ńkọ́?"

Adánìkànrìn mi orí. Ó ń wo ọgbẹ́ yẹn. "Èmi ló yẹ kí òkò yẹn bà," ó sọ bẹ́ẹ̀ nígbẹ̀yìn. "Èmi ni mo ba ọkọ̀ jẹ́. Èmi ló yẹ kó wà níbí."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. "Ọgbẹ́ tèmi kékeré ni, ọ̀rẹ́. Ẹnì kan wà tó dúró síbi tó yẹ kí ìwọ dúró sí, tí wọ́n kàn mọ́ igi. Òun ni mo ti ń sọ fún ọ. Ó ti san án tán. Ìwọ lo ò tíì gbà á."

Ọkùnrin tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni kúnlẹ̀ lórí àpáta. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mi ò lè san án. Mo gbà á. Má fi mí sílẹ̀ ní èmi nìkan mọ́." Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kò sí ìró míì. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ kó tó dìde láti ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí ọkọ̀.

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, kí ni ìwọ náà ń dá tún ṣe láti ọjọ́ yìí wá? O ti fi ìlérí wé e, o ti fi ìwà rere tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tún ń já. Bóyá àárín èrò lo wà, síbẹ̀ tó o bá dá dùbúlẹ̀, o mọ̀ pé ìwọ nìkan ni. Ọlọ́run rí ọ. Ó ti rán Ọmọ Rẹ̀ láti kú nípò rẹ, ó sì jí i dìde. Kò béèrè owó, kò ní kí o kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe. Ó ní kí o yí padà kúrò nínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, kí o sì gba Jésù gbọ́.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ẹni tó bá ń pè ọ́ lónìí, lónìí ló yẹ kó o dá a lóhùn. Gbé ìwé yìí sílẹ̀ báyìí, kúnlẹ̀ níbi tó o wà, kí o sì bá A sọ̀rọ̀. Ó wà nítòsí rẹ, ó ń gbọ́.