Orúkọ Tí Ebo Gé Kúrò Nínú Orin

Ebo Mbroh kì í mutí. Kò jalè rí, kò gba aya aláya, kò sì so oògùn mọ́ ìbàdí. Bí ẹ bá ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀ ní Anomabo, ìlú apẹja wa ní Ghana, nígbà náà, ilé rẹ̀ kọ́ lẹ ó kọ́kọ́ kàn. Òun ni olórí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà lórí òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti máa ń ṣí ìwé orin mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti lò nídìí orin Jésù.

Síbẹ̀, kò mọ Jésù. Òǹgbẹ lè gbẹ ẹni tó ń ta omi pa. Orúkọ Olúwa wà lẹ́nu Ebo bí òòlù ṣe ń wà lọ́wọ́ káfíńtà. Ohun èlò iṣẹ́ ni.

Àwọn ìyá àgbà ló ni orin ìbílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọn kì í kà á nínú ìwé. Bí oníwàásù bá ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà bá gún ọ̀kan nínú wọn lọ́kàn, yóò dìde níbẹ̀, yóò gbé orin, oníwàásù a sì dákẹ́ títí orin yóò fi parí. Ẹnì kan ní í gbé e, gbogbo ìjọ ní í gbà á. A kì í dá a kọ.

Maame Bentsiwa, opó tó ń yan ẹja létí òkun, ló ni èyí tí gbogbo wa fẹ́ràn jù. Ọkọ rẹ̀ àti àkọ́bí rẹ̀ jọ wọ ọkọ̀ kan náà lọ sójú òkun lóṣù kẹjọ ọdún kan tí ẹja pọ̀. Wọn kò padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá náà fi dúró sórí iyanrìn, tó ń pè wọ́n lórúkọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ó dìde láàárín ìwàásù, orin tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí sì jáde lẹ́nu rẹ̀:

Mo pe òkun, òkun kẹ̀yìn sí mi.
Mo pe ìjì, ìjì kọjá lọ.
Ta ló dá mi lóhùn o?

Ìjọ sì fi omijé gbà á: Jésù!

Ó ti tó ogójì ọdún. Orin yẹn ni Maame Bentsiwa fi ń gbé láyé. Ó ti sin ènìyàn mìíràn lẹ́yìn ìgbà náà, ebi ti pa á, àìsàn ti gbé e dè. Bó bá ti gbé orin náà, tó gbọ́ tí ìjọ dáhùn, a tún gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ rù.

Ìgbà wá tó tí Ebo fẹ́ ṣe àwo orin tirẹ̀, àkọ́kọ́ tí òun nìkan yóò dá ṣe láìsí ẹgbẹ́ akọrin lẹ́yìn. Ó fẹ́ kí orin àwọn ìyá bá ìlù inú kọ̀ǹpútà rìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Olúwa tó ni agogo náà ló ni wáyà.

Ó gbé ẹ̀rọ ìgbohùn lọ sí ìdí ààrò Maame Bentsiwa.

"Maame, ẹ gbé orin yín fún mi. Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀."

"Èmi nìkan? Ta ni yóò gbà á?"

"Ẹ̀rọ ni yóò gbà á, Maame."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí èéfín fi há a lọ́fun. "Ẹ̀rọ kẹ̀! Ṣé ẹ̀rọ náà mọ̀ Ọ́n ni? Jókòó jàre, kí o gbà á fúnra rẹ."

Ebo jókòó. Ìyá gbé e, Ebo gbà á. Ẹ̀ẹ̀meje ni Orúkọ náà jáde lẹ́nu Ebo lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bí ẹni ń ka òkúta.

Ní Accra, Ato tó ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ gbọ́ orin náà, ó sì na ọwọ́ dá a dúró.

"Bra Ebo, ohùn ìyá yìí, iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni. Orúkọ yẹn nìkan ni."

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ń fọ́ ijó. Ẹni tó di ìgò mú lọ́wọ́ kò fẹ́ kí wọ́n máa pe Jésù sí òun létí. Gé e, ká fi ìlù dí ojú ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á ṣáà mọ̀ ọ́n."

Ebo rò ó. Kò rò ó pẹ́. Kì í ṣe Ato ló gé e. Ebo fúnra rẹ̀ ló di ẹ̀rọ mú. Ó gé Jésù kúrò lẹ́ẹ̀meje, ó sì fi ìlù tó ń dún gbì-gbì-gbì sí ojú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀meje. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ló kọ orin náà, ó ní òun ni. Ẹni tó ti gé orúkọ Olúwa, kí ni orúkọ opó yóò ṣòro fún un láti gé?

Àwo náà jáde, ó sì rìn bí iná inú koríko gbígbẹ. Wọ́n ń gbọ́ ọ ní gáréèjì, wọ́n ń gbọ́ ọ nílé ọtí. Àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe létí òkun ń fi ẹnu dún gbì-gbì-gbì. Ebo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ dígí dúdú wá sí ìdánrawò orin nínú ilé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, oníwàásù ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tí ìjì ká mọ́ ojú omi. Maame Bentsiwa dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àga iwájú rẹ̀ mú. Oníwàásù dákẹ́ bí a ti í ṣe. Ìyá pe òkun, ó pe ìjì.

"Ta ló dá mi lóhùn o?"

Láti apá ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni ohùn ti wá: "Gbì-gbì-gbì!"

Ẹ̀rín bú. Ìyá náà rò pé etí òun ni kò gbọ́ dáadáa. Ó tún gbé e. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n pọ̀ sí i, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ sí i. Kódà mo rí àgbà kan tó fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ebo ńkọ́? Iwájú ló jókòó sí, ó kọjú sí ìjọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá ìlù náà lọ. Kí Olúwa ṣàánú ènìyàn o, inú rẹ̀ ń dùn! Ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Wọ́n mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn mọ orin mi."

Maame Bentsiwa wo àwọn ọ̀dọ́, ó wo oníwàásù, ó wá wo Ebo. Ó rọra jókòó. Kò gbé orin mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí àṣà ìlú wa kò gbà kí ọkọ̀ kankan lọ sójú òkun, Fiifi Baiden wá kí Ebo nílé. Apẹja ni Fiifi, òun ló ń lu agogo fún ẹgbẹ́ akọrin. Àtikékeré ni wọ́n ti jọ ń ṣe ọ̀rẹ́.

"Gbajúmọ̀! Bọ́ dígí yẹn lójú, àbí oòrùn ti ń ràn ní yàrá báyìí?"

"Fiifi, bó bá jẹ́ owú ló ń jẹ ọ́, sọ ọ́ ká gbọ́."

"Owú kẹ̀? Èmi tí mo bá kọrin lójú omi, ẹja a sá! Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Ìwọ Ebo, ta ló dá ìwọ lóhùn rí?"

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ọdún tí a ti jọ ń kọrin pọ̀. Ṣé o ti pe Jésù rí, ìwọ nìkan, níbi tí kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́?"

Ebo fọwọ́ gbá tábìlì. "Orin ni, Fiifi! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gé. Ṣé mo pa ènìyàn ni?"

"Ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá gé Jésù kúrò, tí kò sì mọ̀ pé nǹkan kan dín nínú òun, kò ní In tẹ́lẹ̀."

Ebo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Fiifi jáde.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Àìsàn dá Maame Bentsiwa wólẹ̀, apá rẹ̀ kan rọ, iyè rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Wọ́n wá sọ fún Ebo pé ìyá ń béèrè rẹ̀. Ó rò pé ìyá fẹ́ ṣẹ́ èpè fún òun ni. Ó ti to àwíjàre rẹ̀ sẹ́nu kó tó dé ibẹ̀. Ó bá Fiifi létí ẹní, tó ń fi ṣíbí bu omi sí ìyá lẹ́nu.

"Ta nìyẹn?"

"Ebo ni, Maame."

"Ebo ọmọ mi. O ṣeun tó o wá. Ìwọ ni olórí akọrin, ìwọ ò ní gbàgbé. Orin mi yẹn, àárọ̀ ni mo ti ń gbé e nínú ara mi. Mo pe òkun. Mo pe ìjì. Mo wá dé ibi 'ta ló dá mi lóhùn'. Ebo, kí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀? Ó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Nǹkan kan tó ń dún gbì-gbì ni mò ń gbọ́. Ìyẹn kọ́, àbí òun ni?"

Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn fún Ebo. Bí àlejò ṣe ń béèrè ọ̀nà ló ṣe béèrè.

Ebo la ẹnu. Orúkọ tó ti kọ lẹ́gbẹ̀rún ìgbà kò jáde. Kò sí ìlù tí yóò bá a bò ó, kò sí akọrin lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá sọ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn pé òun ló gé e. Ó wo Fiifi.

"Má wò mí," ni Fiifi wí. "Ìwọ ni wọ́n bi."

Ìyá dúró, dúró. Lẹ́yìn náà ó yí ojú sí ògiri.

"Ó dáa," ló wí. "Bóyá kò sí ẹni tó dáhùn rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún Ebo. Orúnkún rẹ̀ kan ilẹ̀. "Jésù!" Kì í ṣe orin, igbe ẹni tí omi ń gbé lọ ni. "Jésù o, ṣàánú mi! Èmi ni mo gé Ọ kúrò. Èmi ni mo ja opó yìí lólè. N kò mọ̀ Ọ́ rí, mo sì ń fi Ọ́ jẹun. Jésù, má lé mi!"

Nígbà tó gbé orí sókè, oorun ti gbé ìyá lọ. Kò la ojú mọ́. Ó kú lọ́jọ́ Ẹtì. Títí dòní, kò sí ẹni tó lè sọ bóyá ó gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Ebo ké igbe yẹn, ó di Fiifi láṣọ mú níwájú ilé. "Kò rí ẹni dá a lóhùn, Fiifi."

"Má tan ara rẹ. Ẹni tó dá a lóhùn létí òkun kò sinmi lé ẹnu tìrẹ. Bó rántí, bí kò rántí, ìyá wà lọ́wọ́ Rẹ̀. Ìwọ ni o kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nísinsìnyí tó o pè É, ṣé Ó dá ọ lóhùn?"

Ebo mi orí: bẹ́ẹ̀ ni.

Ó jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Ó fi ipò olórí akọrin sílẹ̀. Ó tún orin náà ṣe, ó dá Orúkọ padà sí àyè rẹ̀, ó sì kọ orúkọ Bentsiwa sí i. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Èyí tó ti kọ́kọ́ jáde ṣì ń káàkiri. Níbi ìsìnkú ìyá gan-an, bí wọ́n ti gbé orin náà, ẹnì kan láàárín àwọn ọ̀dọ́ ti dún "gbì" kí wọ́n tó bo ẹnu rẹ̀. Ebo gbọ́ ọ.

Báyìí, bó bá ń kọjá ní gáréèjì tí wọ́n sì ń lu àwo àtijọ́ náà, a dúró. Bó bá ti kan ibi tó gé, a ké Orúkọ náà sí i pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ọkọ̀ a ní, "Olórin ti ya wèrè." Kì í bá wọn jà.

Ọ̀rẹ́ mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ Ebo mọ́, ṣùgbọ́n kò dá ọjọ́ Ìsinmi yẹn padà. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó ronú pìwà dà yóò rí ìdáríjì. Ohun tó ti bàjẹ́ nígbà tó ń pẹ́ ńkọ́?

Bóyá ìwọ náà kì í mutí. Bóyá o ń ṣe déédéé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibo lo ti gé E kúrò kí ijó má baà fọ́? Ṣé nínú òwò rẹ ni? Ṣé nínú ilé rẹ, níbi tí àwọn ọmọ rẹ ti ń gbọ́ ohùn rẹ lójoojúmọ́? Ẹnì kan wà tó ń wo ẹnu rẹ, tí yóò bi ọ́ léèrè nígbà tí àyè kò ní sí mọ́ láti fi ìlù bò ó.

Ó wà lónìí, Ọba tí í gbọ́ igbe ẹni tó rì sómi. Atóófaratì bí òkè, olùṣọ́ tí kì í sùn. Àjèjì lè pè É, olè lè pè É. Ẹni tó ti fi orúkọ Rẹ̀ jẹun láìmọ̀ Ọ́n pàápàá lè pè É, kì í dijú sí ẹnikẹ́ni.

Má ṣe sọ pé ó di ọjọ́ Ìsinmi. Pa ohun tó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Bí o kò bá mọ àdúrà tí ó yẹ kí o gbà, Orúkọ náà nìkan tó. Sọ ọ́ síta kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀.