Ojú Rẹ̀ Ti Là, Eyín Rẹ̀ Ńkọ́?

Igbe ni aránṣọ kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó fa agbọ̀n àgékù aṣọ jáde lábẹ́ tábìlì, ọmọ ológbò méjì ló bá níbẹ̀. Ọkọ̀ ti pa ìyá wọn lójú títì láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Wọ́n mà kéré o," ni ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà wí. "Ṣé wọ́n tíì lè jẹun?"

"Ojú wọn ti là," ni aránṣọ dáhùn. "Ẹni tójú ẹ̀ ti là, kí lẹ tún fẹ́ kọ́ ọ?"

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ohun tí à ń sọ nípa ọmọ tó gbọ́n ni aránṣọ sọ nípa ẹran tí kò tíì lè dìde.

Ó po ẹja rírọ̀ mọ́ wàrà màlúù, wọn kò fẹnu kàn án. Ó bá fi ṣíbí da wàrà náà sí wọn lẹ́nu. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Aránṣọ ní kí àwọn ṣì máa wò ó di ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, ọ̀kan ti kú.

Inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wá gba aṣọ ní kó gbé èkejì jù sẹ́yìn ilé, pé òun náà ti ń kú lọ. Aránṣọ fi àáké kọ́rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí. Èyí ò ní kú sí mi lọ́wọ́."

Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e mọ́ àyà, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran.

"Ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó ni?" ni dókítà, obìnrin kan tó ti ń hewú, bi í.

"Á tó mẹ́fà, mà. Ojú ẹ̀ ti là."

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fọwọ́, kẹ́ ẹ wá fi ìka kan èrìgì ẹ̀. Kí lẹ bá níbẹ̀?"

"Ó kàn ń yọ̀ ni. Kò sí nǹkan kan."

"Kò sí eyín nìyẹn. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, eyín iwájú á ti máa yọ. Etí ẹ̀ rèé, ó ṣì ká. Ẹ wò ó nílẹ̀, ikùn ló fi ń wọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lojú wọn máa ń là. Ọmọ bí ọjọ́ mẹ́wàá lèyí."

Aránṣọ gbé e padà mọ́ àyà. "Èmi ni mo pa ìkejì ẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ ò mọ̀ ni. Ní báyìí, ẹ ti mọ̀."

Ìyẹn kò tù ú nínú, ṣùgbọ́n ó fetí sí ìyókù dáadáa. Kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru. Wàrà tí wọ́n ṣe fún ọmọ ológbò nìkan ni kó máa fún un, ní wákàtí méjì-méjì sí mẹ́ta-mẹ́ta, tọ̀sán-tòru. Kó dá ikùn rẹ̀ délẹ̀ kó tó fún un, kó má gbé e bí ọmọ ènìyàn, kí wàrà má baà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Kó fi aṣọ rírin tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu ìdí rẹ̀ kó lè tọ̀.

Bí aránṣọ ti ń ránṣọ ló ń wo aago. Oníbàárà tó bá ń kánjú, a ní kó jókòó, ọmọ ń mu wàrà lọ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ náà gba ìpín tirẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá, aránṣọ fi ìka kan èrìgì náà, nǹkan ṣóńṣó kan gún un. Ẹkún ayọ̀ ló fi pe dókítà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá rí ọmọ ológbò tí kò níyàá, ẹ má fi ojú lílà mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹ wo etí, ẹ wo ìrìn rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka mímọ́ wá eyín. Bí kò bá sí eyín, kò sí ẹja. Ó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí oúnjẹ rírọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń ṣu gbuuru tàbí ara rẹ̀ ń tutù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Aránṣọ wò ó di ọ̀la, ọ̀kan ló sì kù fún un.