Ìṣẹ́jú Tí Bogna Dákẹ́

"Mi ò fẹ́ kí ẹnu rẹ sinmi rárá lónìí, Bogna," ni Ọ̀gá Halszka wí. "Bí ọ̀rọ̀ rẹ bá sú àwọn àlejò, iṣẹ́ yìí bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ nìyẹn."

Òkè téńté ilé gogoro kan ní Warsaw la wà, níbi tí àwọn àlejò ti ń wo gbogbo ìlú. Èmi Kinga ni mò ń ta kọfí níbẹ̀, kò sì sí ohun tí ojú mi kì í rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Bogna. Iṣẹ́ afinimọ̀nà yìí wù ú débi pé èmi àti ìkòkò kọfí mi ló máa ń ṣàlàyé ìlú fún ní àràárọ̀. Òní ni wọn yóò gbà á tàbí kí wọ́n ní kó máa lọ.

Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ gbà mí gbọ́. Àwọn àlejò láti Lisbon ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Àmọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sì kù díẹ̀ kó lù. Tymek ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń darí ẹ̀rọ agbéniròkè, rọra sún mọ́ ọn.

"Tí fèrè ìrántí ọdọọdún yẹn bá dún, ṣáà máa sọ̀rọ̀ lọ, jàre. Kí làwọn àlejò yìí mọ̀? Ọ̀gá ń wò ẹ́ o."

"Mo ti gbọ́," ni Bogna dáhùn.

Fèrè dún káàkiri ìlú. Bogna gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí méjì, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sílẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán. Mo yíjú wo Ọ̀gá Halszka.

"Ọmọ yìí, ṣé ọ̀rọ̀ ti tán ni?" ni Ọ̀gbẹ́ni Abílio, olórí àwọn àlejò, béèrè. "Bọ́ọ̀sì ń dúró dè wá."

Bogna ò mira. Ìyàwó ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀. "Abílio, panu mọ́. Wo ìsàlẹ̀."

Gbogbo ọkọ̀ ti dúró. Àwọn èèyàn náà dúró sójú títì, bíńtín bíńtín bí ìrẹsì tó dà sílẹ̀, èéfín pupa iná ìrántí tí wọ́n tàn sì ń rú láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ títí fèrè fi dákẹ́.

"Nígbà ogun àgbáyé kejì, irú ọjọ́ àti aago yìí làwọn ará ìlú wa dìde sí àwọn ọmọ ogun tó gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́," ni Bogna wá sọ. "Ọ̀pọ̀ tó kú nínú wọn ò jù mí lọ. Títì tí ẹ̀ ń wò yẹn ni wọ́n sin ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá mi sí."

Ọ̀gbẹ́ni Abílio ṣí fìlà. Ọ̀gá Halszka bọ́ síwájú, ojú rẹ̀ le.

"Mo ní kí ẹnu rẹ má sinmi."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, mà. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, màá tún dákẹ́."

"Ọdún tó ń bọ̀ kẹ̀? Ta ló ní a ti gbà ẹ́?" Ó wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Gbé ẹ̀rọ rẹ. Àwọn mìíràn ti ń gòkè bọ̀. Má sì pẹ́ dé lọ́la."

Mo bu kọfí ọ̀fẹ́ fún un, ohun tí n kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, kò burú kéèyàn fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá mọ̀ pé ó tọ́, ẹ má tìtorí ojú ọ̀gá pa á tì.